Òórùn Baba Dúdú ní Rosenberg

Ọ̀sán Sátidé kan ni Ọláníkẹ́ ti ibi iṣẹ́ dé, ó ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sórí tábìlì, ó sì bá ọkọ rẹ̀ nínú kíṣìnnì. Ìyẹn nìkan tó láti kó ẹ̀rù bá èèyàn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ra ilé náà ní Rosenberg, nítòsí Houston, ohun tó ń gbé Gbóyèga dé kíṣìnnì kò ju omi tútù lọ. Lónìí, ó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí, ó gbé awò ńlá tí wọ́n fi ń dáàbò bo ojú níbi iṣẹ́ epo sójú, ó ń ro ṣúgà àti omi àgbọn nínú ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé. Èèpo àgbọn fọ́n káàkiri ilẹ̀, ìyẹ̀fun wà lára fíríìjì, ẹyin kan sì ti fọ́ sórí sítóòfù.

"Ẹ kúulé o, Daddy Fikáyọ̀. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Kò sí nǹkan kan. Cookies ni mò ń ṣe."

Ọláníkẹ́ gbọ́ cookies, ojú rẹ̀ sì lọ tààrà sí oven. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó rò pé obìnrin náà kò fẹ́ kí ọkọ òun ṣiṣẹ́ ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ti kéde àwẹ̀ fún gbogbo oṣù náà, kì í sì í ṣe àwẹ̀ oúnjẹ. Àwẹ̀ ọjà rírà ni. Yàtọ̀ sí oúnjẹ àti oògùn, ọmọ ìjọ kankan kò gbọ́dọ̀ ra nǹkan tuntun. Ẹni tó bá rà á, yóò dìde lọ́jọ́ Sunday, yóò gba makirofóònù, yóò sì jẹ́wọ́ níwájú gbogbo ìjọ. Gbóyèga gan-an ló dá àbá ìjẹ́wọ́ yìí, òun náà ni wọ́n sì fi ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí i. Ọ̀la ni ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Pásítọ̀. Níwọ̀n bí kò ti sẹ́ni tó lè ra ẹ̀bùn, kálukú ní láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan wá.

Ọláníkẹ́, olórí àwọn obìnrin ìjọ, ti ra báàgì.

Báàgì aláwọ̀ ọsàn ni, awọ màlúù gidi. Ó rí i nínú mall, ó kọjá lọ, ó gbàdúrà, ó tún padà wá. Nígbà tó gbé e délé, ó wá ibi tí ojú ọkọ rẹ̀ kò lè dé láéláé, ó sì rí i. Bó ṣe rí nínú ọ̀pọ̀ ilé tiwa, oven yẹn kò yan nǹkan kan rí. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó páànù sí. Ibẹ̀ ni ìkòkò irin tí wọ́n fi ń dín àkàrà wà pẹ̀lú ọmọrí rẹ̀. Báàgì wà nínú ìkòkò, ìkòkò wà lábẹ́ páànù, ọkàn Ọláníkẹ́ sì ti balẹ̀ títí di òní.

"Irú cookies wo?" ló béèrè. Ó ń rọra sún mọ́ oven bí ẹni tó fẹ́ mu omi.

"Baba dúdú." Gbóyèga fi ọmọrogùn na ìkòkò. "Ṣé o rántí Ìyá Lékè tí mo máa ń sọ, tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ wa ní Ìkòròdú? Adùn ẹ̀ ò kúrò lẹ́nu mi títí dòní. Màá se é títí á fi dúdú, màá fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, màá pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àti bọ́tà. Tí Pásítọ̀ bá jẹ ẹ́, wọ́n á bi mí pé níbo ni mo ti kọ́ ọ."

"Níbo lẹ ti kọ́ ọ?"

"YouTube. Ṣùgbọ́n process ni gbogbo ẹ̀, Níkẹ̀ẹ́. Ẹni tó ń fọ epo rọ̀bì níbi iṣẹ́ láti ọjọ́ yìí, ṣé bísíkíìtì ló máa wá le fún un?"

Ọláníkẹ́ gbà pé kò lè le fún un. Ó yìn ín. Ó ní òórùn rẹ̀ dára, ó ní àwọ̀ rẹ̀ dára, ó wá ní kí wọ́n kúkú dín in bí wọ́n ṣe ń dín puff-puff, nítorí òróró pọ̀ nílé.

"Ta ló ń dín cookies? Inú oven ló ń lọ."

"Oven yẹn ò ṣiṣẹ́."

"Ṣé o ti tàn án rí ni?"

"Mi ò tàn án rí."

"Ohun tí ẹnì kankan ò tàn rí ò lè bàjẹ́," ni Gbóyèga wí. "Engineer lò ń bá sọ̀rọ̀."

Ọláníkẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà gba ọ̀nà mìíràn. Ó ní kí ọkọ òun wo bí ooru ṣe ń mú níta, AC ń sá eré tirẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n tún fẹ́ dá iná sí àárín ilé. Owó iná oṣù yìí ńkọ́? Gbóyèga rẹ́rìn-ín músẹ́ lábẹ́ awò rẹ̀. Ó ní ọ̀rọ̀ ará oko nìyẹn. Oven wà nínú ilé nígbà tí wọ́n rà á, wọ́n ti san owó rẹ̀ mọ́ ilé, ohun tí èèyàn bá sì ti sanwó fún, ó yẹ kó lò ó. Ó ní ohun tó ń dun òun nípa àwọn èèyàn wa ní Houston nìyẹn: wọ́n á ra ilé olówó ńlá, wọ́n á sọ ẹ̀rọ inú rẹ̀ di kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọláníkẹ́ di apá ara rẹ̀ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹrù wọlé láti inú mọ́tò. Apá ń dùn mí."

"Ṣúgà ò ní dúró dè mí. Tí mo bá yíjú báyìí, á jóná."

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín rò ó."

"Ìwọ? Kò sóhun tó le bíi temperature, Níkẹ̀ẹ́. Lọ gbé ẹrù ẹ. Kó o tó dé, màá ti kó o sínú oven."

Ó rò ó pé tí òun bá jáde lọ gbé ẹrù, báàgì òun parí nìyẹn. Ló bá mú aṣọ ìnuwọ́ kan, ó tọ oven lọ gbangba.

"Ẹ jẹ́ kí n tiẹ̀ nu inú ẹ̀ kí ẹ tó tàn án. Eruku á ti pọ̀ níbẹ̀."

"Má ṣí i," ni Gbóyèga wí. Ó fi ọmọrogùn dí i lọ́nà, ṣúgà sì ń kán sílẹ̀ láàárín wọn. "Ooru ẹ̀ á sá lọ. Mo ti tàn án."

"Nígbà wo?"

"Lójú ọ̀nà, lórí freeway. Kí n tó dé exit wa." Ó yọ fóònù jáde nínú épírọ́ọ̀nù, ó fi hàn án bí ẹni tó ń fi ọmọ tuntun hàn. "Mo ti so ó mọ́ fóònù láti ọdún tó kọjá. Mo kàn tẹ̀ ẹ́ báyìí ni. 350 degrees, gééré."

Ọláníkẹ́ fẹ̀yìn ti fíríìjì. Ọmọrí ìkòkò yẹn nípọn, ó sì ti ń gba báàgì náà là láti ìgbà yẹn wá, ṣùgbọ́n irin kì í bá ooru jà títí. Bó ṣe ń ro ìyẹn lọ́wọ́ ni òórùn kan jáde láti ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn oven. Ó kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kún kíṣìnnì, tó wúwo, tó sì korò, bí ìgbà tí èèyàn bá sá bàtà tó tutù síwájú iná.

Gbóyèga dáwọ́ ìkòkò rírò dúró. Ó dijú, ó gbé imú sókè.

"Níkẹ̀ẹ́, ṣé ò ń gbọ́ òórùn yẹn?"

"Mò ń gbọ́ ọ."

"Òórùn baba dúdú Ìyá Lékè nìyẹn." Ó gbé awò sókè, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Bó ṣe máa ń ta sánsán gẹ́lẹ́ nìyẹn. Kò yàtọ̀ rárá. Ó dà bí ẹni pé mo wọ ṣòkòtò péńpé, agogo ìsinmi ṣẹ̀ṣẹ̀ lù."

"Daddy Fikáyọ̀, kì í ṣe baba dúdú."

"Ìwọ tó o dàgbà ní GRA, kí lo mọ̀ nípa baba dúdú?"

Ó tún fa òórùn náà símú, ó ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń wá a, ó ní òun kò mọ̀ pé òun lè tún gbọ́ ọ láyé. Ní tòótọ́, àánú rẹ̀ ṣe Ọláníkẹ́. Ṣùgbọ́n àánú báàgì ló ṣe é jù.

"Báàgì mi ló ń jóná."

"Báàgì wo?"

Ọláníkẹ́ tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ṣí oven, èéfín bò wọ́n, alarm orí òrùlé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Gbóyèga bọ́ épírọ́ọ̀nù, ó ń fi fẹ́ alarm náà bí ẹni tó ń lé adìẹ. Ọláníkẹ́ fa páànù jáde, ó fa ìkòkò irin jáde, ó ṣí ọmọrí. Báàgì tó tóbi tó odindi Bíbélì méjì ti súnkì di pọ́ọ̀sì. Ọwọ́ rẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ ara rẹ̀, àwọ̀ ọsàn ti di dúdú. Àmì ilé ìtajà ṣì so mọ́ ọn, igun kan péré ló jó. Ó gbé e sórí tábìlì. Ó dùn ún dé egungun, nítorí kò tíì gbé báàgì náà jáde rí, kódà dé ẹnu ọ̀nà.

Alarm dákẹ́. Gbóyèga wo báàgì, ó wo àmì, ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Nínú oṣù àwẹ̀."

"Ẹ má bínú."

Ó bínú. Ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ láàárín èèpo àgbọn, ó sì wàásù. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Éfà, ó gba inú aginjù kọjá pẹ̀lú àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ó sì gúnlẹ̀ sórí àwọn olórí obìnrin tí ń kọ́ àwọn ẹlòmíràn ní ìkóra-ẹni-níjàánu. Ó ní orúkọ rẹ̀ ni òun máa kọ́kọ́ pè lọ́la.

Ọláníkẹ́ kúnlẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ bò mí láṣìírí. Ojú wo ni màá fi máa wo àwọn obìnrin yẹn?"

"Ká ní tèmi nìkan ni, ǹ bá bò ọ́. Ṣùgbọ́n alága ni mí. Ẹ̀rí ọkàn mi ò ní jẹ́ kí n sùn."

Ìgbà tó máa wàásù tán, ṣúgà ti gan. Ọmọrogùn dúró ṣánṣán láàárín ìkòkò, kò ṣeé fà yọ. Ọláníkẹ́ dìde, ó nu ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó abọ́ jọ, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kó mọ ibi tó máa fọwọ́ sí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì ni ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ wà. Òun náà kò fọ nǹkan kan rí. Ike ice cream ni wọ́n ń kó síbẹ̀.

"Mi ò lágbára àtifọ abọ́ lónìí," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n kó wọn sínú dishwasher."

"Má kó wọn síbẹ̀."

Ó yára sọ ọ́ jù. Ọláníkẹ́ yíjú padà, abọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì.

"Kí ló dé?"

"Kò ṣiṣẹ́."

"Ṣé ẹ ti tàn án rí ni?"

"Mi ò tàn án rí."

"Ohun tí ẹnì kankan ò tàn rí ò lè bàjẹ́. Ẹnu engineer ni mo ti gbọ́ ọ."

"Owó omi ńkọ́? Wo bí ooru ṣe ń mú níta."

"A ti san owó ẹ̀ mọ́ ilé."

Gbóyèga gbé ara dí ẹ̀rọ náà. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù mọ́.

"Gbé abọ́ yẹn wá. Màá bá ọ fi ọwọ́ fọ̀ ọ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, Gbóyèga kò sọ gbólóhùn yìí rí, àní nígbà tí Ọláníkẹ́ lóyún Fikáyọ̀. Gbólóhùn náà gan-an ló tú u fó. Ọláníkẹ́ gbé abọ́ lé e lọ́wọ́, kó má bàa rí ọwọ́ fi dí òun, ó bẹ̀rẹ̀, ó ṣí ẹ̀rọ. Ó kó ike ice cream sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn wọn, nínú bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bàtà méjì sùn síra wọn. Awọ ọ̀nì ni, ó ń dán. Àmì ilé ìtajà so mọ́ ọn, òun kò tiẹ̀ jó rárá.

Gbóyèga bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ti Pásítọ̀ ni. Ẹ̀bùn ni."

Ọláníkẹ́ yí ìdí bàtà sókè. "Nọ́ńbà ẹsẹ̀ yín ló wà níbí. Ẹsẹ̀ Pásítọ̀ ò tó ìdajì ẹ̀."

Gbóyèga gbé abọ́ sílẹ̀. Ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo fèrèsé, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó wà nídìí àdúrà.

"Níkẹ̀ẹ́, ọ̀rọ̀ inú ilé ni ọ̀rọ̀ yìí. Kò sídìí tó fi yẹ kó dé ṣọ́ọ̀ṣì."

"Ẹ̀rí ọkàn yín ńkọ́? Ṣé á jẹ́ kí ẹ sùn?"

"Á jẹ́ kí n sùn."

Ó fa àga kan fún un. Ó bu omi tútù fún un. Ó ní kí wọ́n gbàgbé ohun tó ti kọjá, kí wọ́n kúkú ronú nípa ọ̀la, nítorí wọn kò tíì ní nǹkan kan tí wọ́n máa gbé fún Pásítọ̀. Ó ní àgbọn kan ṣì kù, ṣúgà ṣì kù.

"Tí a bá yára, a ṣì lè rí i ṣe," ni Gbóyèga wí. "Oven ṣì gbóná."

Ọláníkẹ́ mu omi rẹ̀ tán. Ó gbé ife sílẹ̀.

"Ó gbóná lóòótọ́. Ẹ gbé bàtà yẹn wá. Ó wù mí kí ẹ tún gbọ́ òórùn baba dúdú Ìyá Lékè."