Káfíńtà àti Oògùn Ilé-Ọmọ

Ìyàwó káfíńtà ṣì ń wọṣọ lọ́wọ́ nínú yàrá àyẹ̀wò. Ọkọ rẹ̀ jókòó níwájú nọ́ọ̀sì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ bí onílé. Nínú àwọn ọlẹ̀ tí dókítà fi àtọ̀ ọkọ àti ẹyin ìyàwó ṣe, ọ̀kan ṣoṣo ló kù fún tọkọtìyàwó yìí nínú yìnyín ilé ìwòsàn, òní ló sì yẹ kí wọ́n gbé e sínú ilé-ọmọ ìyàwó. Àmọ́ èsì ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kò dùn mọ́ ọn nínú rárá.

"Ọ̀gá káfíńtà, kò ní ṣeé ṣe lónìí. Ilé-ọmọ ìyàwó yín kò tíì múra."

"Mo mọ̀!" Káfíńtà pòṣé. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń sọ ọ́. Alágídí lobìnrin yẹn. Bó ṣe lágídí lẹ́nu náà ló lágídí níkùn."

"Ẹ dákẹ́ ná. Oògùn tá a fún un ló ń sọ fún ilé-ọmọ pé àlejò ń bọ̀. Ògiri rẹ̀ á nípọn, á sì rọ̀. Àwọn ọmọ ogun ara náà á gbọ́ pé kí wọ́n má lé àlejò, kí wọ́n bá a tún ibẹ̀ ṣe ni. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni àyè yẹn fi ń ṣí. Àbí ẹ̀yin máa ń lẹ pákó mọ́ pákó nígbà tí gọ́ọ̀mù ò tíì mú?"

"Èmi kẹ̀? Èmi tí mo kọ́ṣẹ́ yanjú?"

"Ẹ ṣeun. Oògùn yẹn ò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ṣé ó máa ń gbàgbé láti lò ó ni?"

"Gbàgbé bíi ti báwo? Ọwọ́ mi loògùn wà. Èmi ni mò ń pín in."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀.

"Ẹ ń pín in. Láàárín ta àti ta?"

"Èmi àti òun. Ẹyọ mẹ́ta lójúmọ́: èmi méjì, òun ọ̀kan."

"Ẹ̀yin, méjì?"

"Ta wá ni olórí ilé? Ẹran pàápàá, ṣé òun ló ń jẹ èyí tó tóbi ni?"

Nọ́ọ̀sì wò ó títí. Ọdún mọ́kànlá ló ti fi ṣe iṣẹ́ yìí, ó sì ti rò pé kò sí ohun tọ́kùnrin lè sọ tó tún lè ya òun lẹ́nu.

"Ọ̀gá, kí lẹ fẹ́ fi oògùn ilé-ọmọ ṣe?"

Káfíńtà sún mọ́ tábìlì bí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọmọdé níwèé. "Ṣebí dókítà ló sọ pé tèmi ni ìdajì ọlẹ̀ yẹn? Pé ìdajì tèmi yẹn làwọn ọmọ ogun ara ìyàwó mi lè pè ní àjèjì? Mo wá ní ó dáa, kí n yáa tètè fún ìdajì tèmi lágbára. Bí ìjà bá dé, kí tèmi borí."

"Kò síjà kankan níbẹ̀! Torí kíjà má baà sí la ṣe fún un lóògùn!"

"Hẹn-ẹn." Ó họ orí. "Ẹ ò sì tètè sọ."

"A sọ ọ́ fún yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Oorun lẹ sùn."

"Oògùn yẹn ló fà á! Oorun ń kùn mí ṣáá. Lánàá, orí pákó tí mò ń fá ni mo sùn sí. Orí ọmú sì ń dùn mí, bí ṣẹ́ẹ̀tì bá ti kàn án báyìí, àfi kí n fò. Ìjẹta, ìyàwó mi kàn ní kí n sún àga, ẹkún bọ́ lójú mi."

Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Kò tíì pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí obìnrin yẹn bi í lórí bẹ́ẹ̀dì pé kí lara òun tún ṣe tí kò dáa. Inú bí i gan-an.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ara ìyàwó yín ò lágídí. A ránṣẹ́ sí ilé-ọmọ rẹ̀, ẹ̀yin lẹ gbé ìránṣẹ́ mì. Ó di oṣù tó ń bọ̀ ká tó gbé ọlẹ̀ yín jáde nínú yìnyín. Oògùn tuntun, ọwọ́ ìyàwó yín gan-an ni n ó kó o lé."

Omi lé ròrò sójú káfíńtà. "Oṣù tó ń bọ̀? Yéè! Ìyá mi ti ń retí ìròyìn látàárọ̀. Kí ni n ó wí fún wọn?"

Nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ sọ fún wọn pé ọmọ wọn ti múra tán láti lóyún. Ilé-ọmọ nìkan ni kò ní."