Ìkéde Lórí Ọ̀rọ̀ Tuntun àti Iná Àwẹ̀ró

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdí-Àgbọn, ẹ gbé etí yín wá síta! Láníyì akéde ló dé, Kábíyèsí ló rán an. Ẹnu rẹ̀ ni kí ẹ gbọ́, ẹ má bèèrè ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tuntun ti wọ ìlú! Ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, ìgínáìtì ni wọ́n ń pè é. Ibi ìpàdé àwọn ọba ni Kábíyèsí ti bá a pàdé. Ọba kan dìde níbẹ̀, ó ní òun ti ìgínáìtì ọkàn àwọn ọ̀dọ́ ìlú òun. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Kábíyèsí tiwa pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, kò sì mọ ohun tí òun ń pàtẹ́wọ́ fún. Irú ìtìjú bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ wáyé mọ́. Fátúnmbí, akọ̀wé ààfin, ti ṣí ìwé atúmọ̀ èdè. Ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí èèyàn mú kí ohun tí kò jó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Akọ̀wé. Àṣé ohun tí a ti ń ṣe láti ọjọ́ tí a ti ń jẹ iṣu sísè nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó sọ fún wa.

Òfin kìíní! Kò sí ẹni tí yóò dáná mọ́. Kò sí ẹni tí yóò ṣáná, kò sí ẹni tí yóò tan fìtílà. Ìgínáìtì ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá dáná tó sì pè é ní dídá, wọn yóò gba ìkòkò rẹ̀ àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Pàápàá, ohun tó wà nínú rẹ̀.

Òfin kejì! Ìwé ní ọ̀rọ̀ náà dé ọkàn. Nítorí náà, ọ̀dọ́mọkùnrin tó bá fẹ́ ìgínáìtì ìfẹ́ lọ́kàn ọmọge, kó kọ́kọ́ wá gba àṣẹ ní ààfin. Orogún méjì tó bá jà, kí wọ́n sọ èwo nínú wọn ló ìgínáìtì ìjà náà. Èyí tó kàn ń fẹ́ iná rẹ̀ kó lè máa jó, ìyà tirẹ̀ yóò fúyẹ́ díẹ̀.

Òfin kẹta, ẹ fara balẹ̀! Fífọnná di èèwọ̀! Èèwọ̀ ni o! Ẹni tó gbé àpáàdì lọ bu ẹ̀yín iná lẹ́yìnkùlé ẹlòmíràn, iná tó ti ń jó ló bu, kò mú ohunkóhun bẹ̀rẹ̀. Ó lòdì sí ìwé. Wọn yóò gbé àpáàdì náà lé e lórí, yóò rìn yí ọjà ká, yóò sì máa pe ìgínáìtì títí ohùn rẹ̀ yóò fi há.

Òfin kẹrin kan ẹnì kan ṣoṣo: Àwẹ̀ró tó ń yan gàrí ní Òkè-Odò. Ìyá tó bí akéde ni, ẹ má ṣe bí ẹni pé ẹ kò mọ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni gbogbo yín ti ń fọnná. Akọ̀wé lọ bi í pé ta ló ìgínáìtì iná yìí. Màmá ní òun bá a níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé òun wá sílé ọkọ ni, ìyá ọkọ òun náà sì bá a níbẹ̀. Eérú ni wọ́n fi ń bò ó lálẹ́, wọn a sì wà á jáde láàárọ̀. Akọ̀wé ní iná tí kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Nítorí náà, kí wọ́n pa á! Bí iná tuntun tí Akọ̀wé fẹ́ ìgínáìtì bá ti ràn ní ààfin, kí wọ́n pa á!

Akọ̀wé ti pọn omi kún garawa, ó ti gbé e síwájú ààrò. Màmá wo garawa, ó wo ọmọ rẹ̀. Ó ní, Láníyì, ṣé ìwọ náà lo máa lu agogo rẹ̀? Akéde lu agogo. Ó dùn ún wọ egungun, ṣùgbọ́n ààfin ló ń bọ́ ọ.

Ẹ má tíì túká! Òfin karùn-ún ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Láti àárọ̀ ni Akọ̀wé ti ń ìgínáìtì ní àgbàlá ààfin. Òjò àná rin igi, ó sì wọ inú ìṣáná. Akọ̀wé ń ṣá a, ó ń pe ọ̀rọ̀ náà. Ó pè é bí òyìnbó ṣe ń pe ohun tó ti kọjá, ó pè é bí wọ́n ṣe ń pe ohun tó ń bọ̀. Ìṣáná tán. Igi ń wò ó. Iṣu Kábíyèsí ṣì wà ní tútù, ebi sì ti hàn lójú Kábíyèsí.

Kábíyèsí wá pàṣẹ! Gbogbo òfin dúró, kò sí èyí tó yẹ̀. Ṣùgbọ́n kí garawa náà kúrò níwájú ààrò Àwẹ̀ró. Bí ẹ bá rí akéde tó gbé àpáàdì gba ẹ̀yìn ọjà lọ sílé ìyá rẹ̀, ẹ kò rí i. Bí ẹ bá rí èéfín ní ààfin, Akọ̀wé ló ìgínáìtì rẹ̀. Ẹni tó bá ní ṣe ni wọ́n fọn ọ́n, ẹ ti mọ ìyà rẹ̀.

Màmá ti gbọ́ ṣáájú yín. Ó ní kí akéde máa bọ̀, ẹ̀yín iná wà nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í wá fọnná lọ́dọ̀ òun kó lọ lọ́wọ́ òfo. Ó ní kí Akọ̀wé fúnra rẹ̀ wá gbé garawa rẹ̀, kó má sì da omi inú rẹ̀ nù. Òun ni kí wọ́n fi se iṣu Kábíyèsí.

Agogo dákẹ́. Ohun tí wọ́n ní kí akéde sọ ló sọ. Kí olúkúlùkù padà sílé rẹ̀, kó sì fi eérú bo iná tirẹ̀ dáadáa.