Ìṣirò Bọ́ọ̀lù àti Igi Máńgòrò

Bí mo bá tilẹ̀ gbàgbé gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi láéláé. Ọjọ́ náà ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù wa borí lẹ́yìn tí ojú ti tì wá káàkiri Àbújá. Ọjọ́ náà gan-an sì ni èmi, tí n kò fẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù rárá, fẹ́rẹ̀ẹ́ fi bírò lásán tú gbogbo ẹgbẹ́ ká.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹgbẹ́ tí a jẹ́. Gbogbo eré tí a gbá ní sáà yẹn, wọ́n nà wá ni. Wọ́n nà wá nílé, wọ́n nà wá lájò. Ó débi pé bí bọ́ọ̀sì wa bá ń kọjá ní Kugbo, àwọn káfíńtà tó ń ta àga lẹ́bàá títì kì í tún béèrè bóyá a borí. Ṣe ni wọ́n máa ń na ìka sókè láti béèrè pé mélòó ni wọ́n jẹ wá.

Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Agbábọ́ọ̀lù ni mo fẹ́ jẹ́ tẹ́lẹ̀ o, àmọ́ kóòṣì wò mí fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí pápá, ó ní, "Ìwọ, mo gbọ́ pé o mọ ìwé kọ. Wá máa kọ̀wé." Báyìí ni mo ṣe di ẹni tó ń jókòó sábẹ́ igi dongoyárò láàárín ẹ̀gbẹ́ pápá, tí mo ń ka iye ìgbà tí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù sílé, iye kọ́nà, àti iye bọ́ọ̀lù tí aṣọ́lé mú. Mo gbé iṣẹ́ náà lérí ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹ bá rí bí mo ṣe máa ń fi bírò há etí, ẹ ó rò pé gbogbo iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ló wà lọ́rùn mi.

Ìyá tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwa akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, ọmọ Èkìtì ni, Màmá Èkìtì la sì máa ń pè é bí kò bá sí nítòsí. Gẹ̀ẹ́sì ló máa ń bá wa sọ. Bí o bá ti gbọ́ tó yí sí Yorùbá, kí o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ó pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀, Yorùbá ló sì fi bẹ̀rẹ̀.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Lẹ́yìn eré Sátidé yìí, ẹ mú àkọsílẹ̀ wá fún mi. Bí wọ́n bá nà yín, mo tú ẹgbẹ́ yìí ká nìyẹn. Bí ẹ bá sì borí, kí n rí i nínú ìwé pé bọ́ọ̀lù lẹ gbá. Tó bá jẹ́ oríire lásán, ibi kan náà ni gbogbo wa ń lọ. A ó kọ́ gbọ̀ngàn ìdánwò sórí pápá yẹn."

Gbogbo wa káwọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n Múfú, kápútéènì wa, ló dùn mí jù. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, bàbá rẹ̀ ń ta pákó ní Dei-Dei. Bàbá náà ti sọ fún un pé ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yẹn bá tú ká ni kó bọ́ bàtà bọ́ọ̀lù, kó máa wá já pákó lórí tírélà ní gbogbo Sátidé. Bọ́ọ̀lù nìkan ló ń gba Múfú lọ́wọ́ pákó.

Ọjọ́ eré dé. Jẹ́sì wa, àwọ̀ yẹ́lò ni wọ́n rà á, ìfọṣọ ti sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Tàwọn àlejò wa jẹ́ àwọ̀ ọsàn tó ti ṣá. Mo sì ti gbàgbé awò ojú mi sílé ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Gwarinpa. Láti abẹ́ dongoyárò, èèyàn méjìlélógún tó wọ aṣọ kan náà ni mò ń wò.

Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Ilé bọ́ọ̀lù tó wà lápá òsì mi sún mọ́ igi máńgòrò ńlá kan, èyí tó wà lápá ọ̀tún sún mọ́ mọ́ṣáláṣí. Apá máńgòrò ni àwọn tiwa ń gbá bọ́ọ̀lù lọ. Mo fa ìlà sáàárín ìwé, mo kọ "Máńgòrò" sápá kan, mo kọ "Mọ́ṣáláṣí" sápá kejì. Bọ́ọ̀lù tó bá lọ síbi máńgòrò, tiwa ni. Èyí tó bá lọ síbi mọ́ṣáláṣí, tiwọn ni. Kò tún sí pé mò ń wo jẹ́sì ẹnikẹ́ni. Ọgbọ́n náà dùn mọ́ mi débi pé mo ń dá rẹ́rìn-ín músẹ́.

Ìdajì àkọ́kọ́ parí, kò sẹ́ni tó jẹ. Ìsinmi wá bọ́ sí àsìkò ìrun alásàrì gẹ́lẹ́. Mo kó ìwé mi sábẹ́ apá, mo lọ kírun. A ò tíì sálámà tán tí òjò fi dé, òjò Àbújá tí kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Mo dúró dè é. Nígbà tó dá díẹ̀, tí mo sáré padà sábẹ́ dongoyárò, wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdajì kejì. Mo jókòó, mo ṣí ìwé mi, mo ń bá iṣẹ́ lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ bọ́ọ̀lù ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ìsinmi dé, ẹgbẹ́ méjèèjì á pààrọ̀ ilé. Èmi náà mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n kí n tó lọ kírun, mo sì tún mọ̀ ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ kejì. Àárín méjèèjì yẹn ni n kò mọ̀ ọ́n.

Ní ìdajì kejì yìí, ẹrẹ̀ bo gbogbo wọn, bọ́ọ̀lù sì ń rọ́ lọ síbi mọ́ṣáláṣí bí ẹni pé ibẹ̀ nìkan ni pápá mọ. Bí mo ṣe ń fa ìlà sábẹ́ "Mọ́ṣáláṣí" ni mò ń pariwo pé, "Ẹ gbà wá o! Kípà, mú un!" Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fò sókè, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Mo ní lọ́kàn mi pé àwọn wọ̀nyí mà láyà o, wọ́n ń lù wá, wọ́n ń jó. Ọ̀rẹ́ mi Hausa kan yíjú sí mi, ó ní, "Kai, malam, lafiya?" Ó ń béèrè bóyá ara mi le. Mo ní kó fi mí sílẹ̀ jàre.

Nígbà tó yá, ariwo sọ. Ẹnì kan fò mọ́ mi lọ́rùn, èmi àti àga mi lọ sílẹ̀, ìwé mi bọ́ sínú ẹrẹ̀. Nígbà tí mo fi máa wá a rí, wọ́n ti gbé bọ́ọ̀lù padà sáàárín. "Ta ló jẹ?" "Múfú ni!" Mo kọ Múfú sókè ìwé. Kò pẹ́ ni rẹfirí fọn fèrè. A ti borí! Gbogbo wa sunkún ayọ̀, wọ́n ya fọ́tò ẹgbẹ́, wọ́n sì gbé Múfú lé èjìká.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo tẹ àkọsílẹ̀ mi sórí kọ̀ǹpútà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó níwájú họ́sítẹ́ẹ̀lì. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ní ìdajì kejì, àwọn àlejò gbá bọ́ọ̀lù sílé wa lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún, aṣọ́lé wa kò sì jẹ́ kí ẹyọ kan wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni àwa gbá tiwa. Nísàlẹ̀ ni mo kọ ọ́ gàdàgbà sí: "Akọni ọjọ́ náà, Dọ́tun."

Dọ́tun ni aṣọ́lé wa. Gwarinpa ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe lè sọ ọ́ lọ. Nígbà tó ka ìwé náà, ó kọ́kọ́ wò mí.

"Bros, sixteen? Èmi?"

"Ìwé kì í parọ́," ni mo dá a lóhùn.

Ní ọ̀sán, wọ́n ti ń ra súyà fún un. Ní ìrọ̀lẹ́, òun fúnra rẹ̀ ti gbà á gbọ́, ó ti ń tiro, ó fi yìnyín lé èjìká.

Ìgbà náà ni Múfú wá bá mi, inú ń bí i. "Akọ̀wé, mo gbá bọ́ọ̀lù sí kípà wọn títí ìka ẹsẹ̀ mi fi wú. Wò ó! Ìwọ wá ní ẹ̀ẹ̀mejì?"

Mo wo ìka náà. Ó wú lóòótọ́. Mo ní, "Múfú, ìka lè wú nítorí pé o tàsé bọ́ọ̀lù. Ìwé kì í parọ́." Tí mo bá rántí gbólóhùn yẹn títí dòní, mo máa ń fi ọwọ́ bojú.

Nígbà tó di Mọ́ńdè, gbogbo wa tò sí ọ́fíìsì Màmá Èkìtì. Ó ka ìwé mi lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì. Yorùbá ló bọ́ sí i lẹ́nu.

"Oríire lásán ni, bí mo ṣe wí. Ẹnì kan ló gbá bọ́ọ̀lù, àwọn mẹ́wàá tó kù wá gba atẹ́gùn."

Múfú sorí kọ́. Kóòṣì ń wo ilẹ̀, torí ìwé nìkan ni Màmá ní òun máa gbà gbọ́. Màmá fa lẹ́tà kan jáde, ó mú bírò, ọkàn mi sì sọ pé lẹ́tà ìtúká nìyẹn. Ṣùgbọ́n kó tó buwọ́ lù ú, ó ní, "Ta ni Dọ́tun? Jẹ́ kí n kí ọ." Dọ́tun tiro jáde. Màmá mú fọ́tò ẹgbẹ́ tó wà lórí tábìlì láti wá ojú rẹ̀ níbẹ̀. Ó wo fọ́tò, ó wo Dọ́tun, ó tún wo fọ́tò.

"Òjò rọ̀ lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Yes, mà."

"Àwọn mẹ́wàá yìí dà bí ẹni tó ń po amọ̀. Ìwọ nìkan ni aṣọ rẹ mọ́ bíi ti ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Bọ́ọ̀lù mẹ́rìndínlógún nínú ẹrẹ̀! Ṣé wọ́n ń fi ọwọ́ gbé e fún ọ ni?"

Dọ́tun gbé ẹsẹ̀ tó ń tiro sílẹ̀. Ó gbàgbé èyí tó ń dùn ún.

"Mà, honestly, ìkan ni mo mú."

"Ìkan kín ni?"

"Bọ́ọ̀lù kan, mà. Defender wa ló pass ẹ̀ sí mi."

"O wá ń gba oríyìn láti àná?"

"Everybody ló ń kí mi, mà. Mo just ń dá wọn lóhùn."

Màmá yí sí mi. Ó ní kí n mú ojúlówó ìwé tí mo kọ sí lórí pápá wá. Mo gbé e lé e lọ́wọ́, ti ẹrẹ̀ ti ẹrẹ̀. "Kí ni máńgòrò ń wá nínú bọ́ọ̀lù?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ọgbọ́n mi tayọ̀tayọ̀. Mo ṣàlàyé dé ìdajì eré, ohùn mi bá tín-ín-rín.

"Ní ìdajì kejì ńkọ́?" ni Màmá wí. "Wọ́n pààrọ̀ ilé, àbí wọn ò pààrọ̀?"

"Wọ́n pààrọ̀, mà."

"Igi máńgòrò ńkọ́? Òun náà gbéra ni?"

Kóòṣì ló kọ́kọ́ fi imú rẹ́rìn-ín, bí gbogbo ọ́fíìsì ṣe bú sẹ́rìn-ín nìyẹn. Múfú nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí ṣáá, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé pákó Dei-Dei ló ń rò. Ojú tì mí gidi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì Màmá.

"Mà, ẹ̀bi mi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú wọn ká. Múfú ti sọ fún mi lánàá, ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn mí, n kò gbọ́."

Màmá mú bírò pupa, ó fa ìlà láti apá kan ìwé sí èkejì, ó yí orí wọn padà, ó sì tún ka àkọsílẹ̀ náà sókè. Àwa la gbá a sílé lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlógún. Àwọn ló gbá a lẹ́ẹ̀mejì. Ó ya lẹ́tà yẹn sí méjì, Múfú sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀.

"Má tíì mí," ni Màmá wí. "Mẹ́rìndínlógún, ẹ wá jẹ ẹyọ kan ṣoṣo? Ẹ lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n."

Lẹ́yìn náà ló dájọ́ tèmi. Ó ní kí n máa bá iṣẹ́ akọ̀wé lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fọn fèrè ìsinmi, kí èmi náà gbé àga mi lérí, kí n rin àárín pápá kọjá, kí n lọ jókòó sí òdìkejì. Apá òsì mi á wá jẹ́ tiwa láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe é títí mo fi jáde. Nígbà tó yá, àwọn èèyàn kì í lọ ra omi nígbà ìsinmi mọ́. Wọ́n á dúró, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́ fún mi bí mo ṣe ń gbé àga kọjá, wọ́n á máa kígbe pé, "Máńgòrò ń ṣí lọ o!"

Àwọn àgbà ló ní ẹni tó ń la ọ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ohun tí mo kọ́ ni pé ìwé kì í parọ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó kọ ọ́ lè jókòó síbi tí kò yẹ. Bí ẹni tó sáré bá wá fi ẹsẹ̀ wíwú hàn ọ́, wo ẹsẹ̀ náà dáadáa kí o tó ṣí ìwé. Ọ́fíìsì ìjọba ni mo wà báyìí, ìṣirò náà ni mo sì ń ṣe. Múfú ti ń ta pákó ní Dei-Dei, ìfẹ́ inú rẹ̀ ni lọ́tẹ̀ yìí, ó sì ń gbá bọ́ọ̀lù ní gbogbo Sátidé. Nígbà tí mo fẹ́ kan ṣẹ́ẹ̀fù ìwé sílé, mo wọn ògiri fúnra mi, mo fi ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tó fi pè mí lórí fóònù.

"Máńgòrò, kí n tó gé pákó yìí o, ibo lo kọjú sí nígbà tí ò ń wọ̀n ọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni mo dìde, mo tún lọ wọ̀n ọ́n.