Ère Mẹ́fà Níwájú Aṣọ́bodè

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 1988, ọkọ̀ akérò kan tó ń ti Ṣakí bọ̀ sọ Oyèlékè, gbẹ́nàgbẹ́nà ará Ògbómọ̀ṣọ́, kalẹ̀ pẹ̀lú páálí kan níwájú aṣọ́bodè lẹ́yìn ìlú Ọ̀yọ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Aṣọ́bodè kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, Israfil, tó jókòó sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú tábìlì kan, ìwé ńlá kan àti bírò méjì. Gbogbo ojú ọ̀nà yẹn ló mọ̀ pé ọkùnrin yìí kì í gba rìbá. Ìdí nìyẹn tí àwọn awakọ̀ fi ń bẹ̀rù rẹ̀.

Israfil: Ẹ káàsán, bàbá. Kí ló wà nínú páálí yín?

Oyèlékè: Ẹ kúuṣẹ́, ọ̀gá. Ère ni.

(Tírélà kan kọjá. Ariwo rẹ̀ gbé ọ̀rọ̀ náà mì.)

Israfil: Èrè? Ẹ ò tíì délé, ẹ ti jèrè?

Oyèlékè: Rárá o. Ère.

Israfil: Eré? Eré wo lẹ fẹ́ bá mi ṣe?

Oyèlékè: Èmi kọ́, ọ̀gá. Ta ló máa bá yín ṣeré? Ajá ló wà níbẹ̀, àti àgùntàn, àti ẹyẹlé.

Israfil: Ẹ̀ bá ti tètè sọ. (Ó kọ ọ́.) Ẹran ọ̀sìn. Ìwé dókítà ẹran dà?

Oyèlékè: Ara wọn le, sà.

Israfil: Ìgbà wo ni wọ́n jẹun gbẹ̀yìn?

Oyèlékè: Wọn kì í jẹun.

Israfil: Ajá tí kì í jẹun, ẹ ní ara ẹ̀ le?

(Oyèlékè tú okùn páálí. Ó ń yọ wọ́n nínú bébà tí wọ́n fi wé wọn, ó ń tò wọ́n sórí tábìlì: ajá kan, àgùntàn kan, ológbò kan, ẹyẹlé méjì, àti òyìnbó obìnrin kan tó di agboòrùn mú. Amọ̀ tí wọ́n sun ni gbogbo wọn, tánganran ló bò wọ́n, wọ́n ń dán. Israfil wò wọ́n títí. Ó fa igi lé "ẹran ọ̀sìn" lórí.)

Israfil: Ère ni.

Oyèlékè: Ohun tí mo ń sọ láti àárọ̀ nìyẹn.

Israfil: Ìwé wọn dà?

(Oyèlékè ṣa bébà tó tú sílẹ̀, ó nà án sí i. Israfil tẹ́ ẹ, ó kà á.)

Israfil: Ìwé ìròyìn Kùtọnu nìyí. Ti oṣù tó kọjá.

Oyèlékè: Kí ni wọ́n sọ?

Israfil: Òjò rọ̀. Ìwé owó ibodè ni mò ń béèrè.

Oyèlékè: Ẹni tó tà wọ́n fún mi ní Ṣakí ní òun ò ní in.

Israfil: Kò burú. Ibí lẹ ti máa san án. Àmọ́ mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n jẹ́, kí n tó mọ iye tí ẹ máa san. Kí ni wọ́n fi ṣe wọ́n?

Oyèlékè: Amọ̀.

Israfil: Ẹ̀yin àti ta lẹ mọ̀?

Oyèlékè: Amọ̀ ni, sà.

Israfil: Bí ẹ bá mọ̀, ẹ sọ ọ́. Èmi ni mi ò mọ̀.

Oyèlékè: Amọ̀ tí wọ́n fi ń mọ ìkòkò!

Israfil: Hẹ́n-ẹ̀n. (Ó kọ ọ́.) Ta ló ṣe wọ́n?

(Oyèlékè dojú ajá dé, ó ń ka àwọn lẹ́tà tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.)

Oyèlékè: Táíwò.

Israfil: (Ó na ọrùn wò ó.) Táíwàn ni. Ìlú òkèèrè ni.

Oyèlékè: Kẹ́hìndé ńkọ́?

Israfil: Kò sí nínú ìwé.

(Ó ṣí ìwé ńlá náà, ó fi ìka tọ ojú ìwé lọ sísàlẹ̀.)

Israfil: Ère amọ̀. Wọ́n ní ká béèrè bóyá ẹ ń bọ ọ́.

Oyèlékè: Áà! Ọ̀gá, ẹ má kọ ère sínú ìwé yẹn o!

Israfil: Ẹ̀yin lẹ pè é bẹ́ẹ̀.

Oyèlékè: Ẹnu lásán ni mo fi pè é. Alàgbà ni mí nínú ìjọ Aládùúrà. Bí wòlíì wa bá rí rìsíìtì tí wọ́n kọ ọ́ sí pé Alàgbà Oyèlékè ra ère mẹ́fà, ààwẹ̀ ọjọ́ mọ́kànlélógún ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún mi, kí wọ́n tó gba aṣọ funfun lọ́rùn mi.

Israfil: Ṣé ẹ ń bọ ọ́ ni àbí ẹ ò bọ ọ́?

Oyèlékè: Mi ò bọ ọ́!

Israfil: Ó ti tán. Ohun ọ̀ṣọ́ ni. Náírà mẹ́wàá lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọgọ́ta náírà.

(Oyèlékè fi ọwọ́ kan àpò rẹ̀ lóde. Kò ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.)

Oyèlékè: Ogójì ló kù sí mi lára, ọ̀gá. Owó ọkọ̀ sì wà nínú ẹ̀.

Israfil: Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Oyèlékè: Sátidé yìí ni wọ́n ń lò wọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún yín. Oṣù méjì gbáko ni mo fi kan rúùmù-difáídà kan fún Ìyá Abọ́sẹ̀dé ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́dọ̀ wa. Ọmọ rẹ̀ ń relé ọkọ ní Sátidé, difáídà náà ni wọ́n máa gbé síwájú ẹrù ìyàwó. Igi ìrókò ni. Mo fi sáńpépà pa á títí ó fi ń dán bí awọ ọmọ tuntun. Mo dá ihò mẹ́fà sí i láàárín, ibi tí wọ́n ń to ère sí. Ìyá Abọ́sẹ̀dé dé, ó wò ó, ó ní, "Oyèlékè, ilé ẹyẹlé lo kàn fún ọmọ mi yìí?"

Israfil: Torí ihò náà ṣófo.

Oyèlékè: Ó ní bó bá ṣì ṣófo di Sátidé, òun á lọ gbé ti Àlàmú. Àlàmú! Èmi ni mo kọ́ Àlàmú ní bí wọ́n ṣe ń di òòlù mú.

Israfil: Ṣé Àlàmú yìí mọṣẹ́?

Oyèlékè: Ère ló mọ̀ ọ́n rà.

(Israfil gbé bírò lélẹ̀. Oyèlékè rò pé ọ̀rọ̀ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó yọ náírà márùn-ún, ó rọra tì í sábẹ́ ìwé ńlá.)

Israfil: Owó yín bọ́ sábẹ́ ìwé mi.

Oyèlékè: Kò bọ́, sà.

Israfil: Ó bọ́. Ẹ mú un. Bí mo bá tún rí i níbẹ̀, màá kọ ọ́ mọ́ ẹrù yín.

(Oyèlékè mú owó rẹ̀. Ó gbé ológbò sún mọ́ ojú Israfil.)

Oyèlékè: Ọ̀gá, ẹ ní ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ wo ojú eléyìí. Ṣé ó rẹwà?

Israfil: Ó rẹwà.

Oyèlékè: Ojú ọ̀tún ga ju tòsì lọ!

Israfil: Ibẹ̀ ló ti rẹwà.

Oyèlékè: Bó bá wà nínú yàrá yín, ṣé ẹ máa lè sùn?

Israfil: Mi ò ní sùn. Màá máa wò ó ni.

(Oyèlékè gbé ológbò kalẹ̀ bí ẹni tí ẹlẹ́rìí rẹ̀ jẹ́rìí takò ó. Israfil ṣí ojú ìwé mìíràn.)

Israfil: Ohun ìṣeré ọmọdé ńkọ́? Náírà márùn-ún márùn-ún.

Oyèlékè: Ohun ìṣeré ni, sà! Ẹ wo òyìnbó yìí, ọmọlangidi paraku ni!

Israfil: Ohun ìṣeré gbọ́dọ̀ lè bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé kó má fọ́.

Oyèlékè: Kò lè fọ́.

Israfil: Ó dá yín lójú?

Oyèlékè: Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń kan àga. Mo mọ ohun tó lágbára bí mo bá rí i.

(Ó gbé òyìnbó alágboòrùn dé àyà, ó wo Israfil lójú, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó fọ́ sí ọ̀nà mọ́kànlá. Agboòrùn nìkan ló kù ní odindi. Àwọn méjèèjì wo ilẹ̀.)

Israfil: Ẹ kú àdánù.

Oyèlékè: Ẹ ṣé, sà.

Israfil: Kì í ṣe ohun ìṣeré. (Ó kọ ọ́.) Ó ku márùn-ún. Ohun ọ̀ṣọ́. Àádọ́ta náírà.

Oyèlékè: Èyí tó fọ́ ńkọ́?

Israfil: Àpáàdì kì í san owó ibodè. Ọ̀fẹ́ ni.

Oyèlékè: Àti agboòrùn?

(Israfil wá a nínú ìwé. Ó pẹ́ kó tó gbójú sókè.)

Israfil: Agboòrùn tí kò lè bo orí èèyàn kò sí níbí. Ẹ máa mú un lọ.

(Oyèlékè ń ronú. Òkúta ńlá kan wà nídìí igi máńgòrò. Ó wo òkúta náà. Ó wo ajá.)

Oyèlékè: Ọ̀gá. Bí àwọn yòókù náà bá di àpáàdì ńkọ́?

Israfil: Ọ̀fẹ́ ni wọ́n.

Oyèlékè: Mo ní gọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá lẹ̀ wọ́n pa dà ní Ògbómọ̀ṣọ́ ńkọ́?

Israfil: Ohun tí ẹ bá lẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, iṣẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Kò kàn mí.

(Oyèlékè gbé ajá lọ sídìí òkúta. Ó gbé e sókè. Ọwọ́ rẹ̀ dúró lókè bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó sì padà wá pẹ̀lú ajá náà láyà.)

Oyèlékè: Mi ò lè ṣe é.

Israfil: Kí ló dé?

Oyèlékè: Ẹ wo inú etí rẹ̀. Wọ́n fa irun síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nínú lọ́hùn-ún, níbi tẹ́nikẹ́ni ò ní wò. Èmi náà máa ń fá ẹ̀yìn difáídà, ibi tó kọjú sí ògiri. Ìyàwó mi ní wèrè ni mí. Àlàmú kì í fá a. Kò sí oníbàárà tó mọ̀. Ṣùgbọ́n Táíwò yìí mọ̀.

Israfil: Táíwàn.

Oyèlékè: Òun náà.

(Israfil gba ajá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo inú etí, ọ̀tún àti òsì. Ó dojú rẹ̀ dé, ó fi ìka kan ìdí rẹ̀.)

Israfil: Ihò kan wà ní ìdí rẹ̀.

Oyèlékè: Ọ̀gá, ajá wo ni kò níhò nídìí?

Israfil: Mo ní, kí ni ihò náà wà fún?

Oyèlékè: Bóyá kí ooru lè ríbi gbà jáde nígbà tí wọ́n ń sun ún.

Israfil: Ìwé mi ò sọ̀rọ̀ ooru. (Ó ń ṣí ìwé.) Ohun èlò orí tábìlì ìjẹun, tí wọ́n fi amọ̀ ṣe. Àwo. Ife. Ohun ìgbọn-iyọ̀. Náírà méjì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

(Wọ́n wo ara wọn.)

Israfil: Ṣé iyọ̀ máa ń jáde nínú ajá yìí?

Oyèlékè: Ó lè jáde, sà.

Israfil: Mi ò lè kọ ohun tí mi ò fojú rí.

(Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ jáde lábẹ́ tábìlì: iṣu sísè nínú abọ́, àti iyọ̀ tó dì sínú bébà. Oyèlékè wé bébà kan bí àrọ tí wọ́n fi ń rọ epo, ó fi ẹnu rẹ̀ bọ ihò náà. Israfil pín iyọ̀ sí ọ̀nà márùn-ún, ó da ìpín kìíní sínú ajá. Oyèlékè dojú ajá sókè, ó gbọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan. Iyọ̀ ń dà sórí tábìlì díẹ̀díẹ̀.)

Israfil: (Ó ń kọ.) Ajá. Iyọ̀ ń jáde.

Oyèlékè: Ẹ gba ológbò.

Israfil: Ológbò. Iyọ̀ ń jáde. Àgùntàn. Iyọ̀ ń jáde. Ẹyẹlé kìíní. Ó ń jáde. Ẹyẹlé kejì.

(Oyèlékè gbọn ẹyẹlé kejì. Kò sí nǹkan. Ó tún gbọn ọ́n. Ó fi ìka lu ìdí rẹ̀. Israfil tẹ̀ síwájú wò ó. Horo iyọ̀ kan jábọ́.)

Israfil: Ó ń jáde. Kì í ṣe ọ̀làwọ́.

(Ó ya rìsíìtì, ó yí i sí Oyèlékè. Oyèlékè kà á sókè láti rí i dájú.)

Oyèlékè: "Ohun ìgbọn-iyọ̀ márùn-ún, amọ̀, náírà mẹ́wàá." Kò sí ère níbẹ̀. Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Wòlíì kì í bá iyọ̀ jà.

Israfil: Ẹ buwọ́ lù ú. Kí lẹ máa gbé sínú ihò kẹfà?

Oyèlékè: Aago, sà.

Israfil: Aago ilẹ̀ òkèèrè?

Oyèlékè: Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́.

(Ó san náírà mẹ́wàá, ó buwọ́ lùwé. Ọkọ̀ Ògbómọ̀ṣọ́ kan ń fun fèrè bọ̀ láti òkèèrè. Ó sáré bẹ̀rẹ̀ sí í wé ẹyẹlé padà. Israfil fa abọ́ iṣu rẹ̀ sọ́dọ̀, ó bu ẹyọ kan, ó wo bébà iyọ̀. Bébà náà ti ṣófo.)

Israfil: Iyọ̀ mi ti tán.

Oyèlékè: Ó ṣẹ́kù nínú wọn, ọ̀gá. Ẹ gbé iṣu yín wá.

(Ó gbé ajá sókè orí abọ́ náà. Israfil fi ọwọ́ bo iṣu.)

Israfil: Ẹ dúró, bàbá. Mùsùlùmí ni mí. Ẹ gbọn ti inú àgùntàn fún mi.