Ìkéde Lórí Orókún Màmá Fẹ́yìntọlá àti Ilé Tí Kò Lórùlé

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Òkè-Ìrọ̀rùn, tọmọdé tàgbà! Ẹni tó ń lọ ata, kó dáwọ́ dúró! Ẹni tó ń sùn, kó fi etí kan sùn! Lẹ́tà dé láti òkè òkun. Òǹtẹ̀ mẹ́ta ló wà lára rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Ìlú Òtútù ló kọ ọ́, wọ́n sì ní kí n ké e láti ojúde Ọba dé ìsàlẹ̀ odò, torí ọ̀rọ̀ náà kan ilé kan nílùú wa.

Ọ̀rọ̀ Màmá Fẹ́yìntọlá ni. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ Bàbá Oyèníran káfíńtà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi tọ́jú àwọn arúgbó ní Ilé Ìtura tó wà ní Ìlú Òtútù. Ó wẹ̀ wọ́n, ó nù wọ́n nídìí, ó fún wọn lóúnjẹ, ó pa ojú wọn dé nígbà tí wọ́n kú. Ní báyìí òun náà ti pé ọgọ́rin ọdún. Orókún ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, àjà kẹta ló sì ń gbé, nínú ilé tí ẹ̀rọ agbéniròkè rẹ̀ ti bàjẹ́. Ó wá bẹ̀bẹ̀ fún bẹ́ẹ̀dì kan ní Ilé Ìtura. Bẹ́ẹ̀dì kan péré! Irú èyí tó ti ń tẹ́ fún ẹlòmíì láràárọ̀! Èsì ìgbìmọ̀ nìyí. Ẹ fara balẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín.

Àṣẹ kìn-ín-ní! Àlejò kankan kò gbọdọ̀ darúgbó ní Ìlú Òtútù láìgba ìwé àṣẹ. Orókún tó bá fẹ́ máa dunni gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà ní oṣù mẹ́fà ṣáájú. Orókún tó bá dunni lójijì, ìtanràn!

Àṣẹ kejì! Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí Màmá fi ṣiṣẹ́ kò wọ inú ìṣirò. Ìgbìmọ̀ ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Wọ́n rí i pé ọwọ́ ló ṣiṣẹ́, ẹsẹ̀ ló ń dùn ún. Ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́ kankan fún wọn! Owó orí tó san, wọ́n dúpẹ́, ti ọwọ́ nìyẹn. Ọmọ ìbílẹ̀ nìjọba ń bá san owó bẹ́ẹ̀dì. Àlejò á san gbogbo rẹ̀ láti àpò ara rẹ̀.

Àṣẹ kẹta! Kí wọ́n ta ilé Màmá tó wà lọ́nà odò níbí láti fi san owó náà, kíákíá!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ níbí. Àwa la fa èyí. Akọ̀wé wọn bi Màmá bóyá ó kọ́lé sílùú rẹ̀. Ọmọ Òkè-Ìrọ̀rùn wo ló máa sọ pé òun ò nílé? Màmá yọ fọ́tò jáde! Ilé alájà méjì, yàrá mẹ́jọ, géètì aláwọ̀ wúrà! Kò sọ pé òkè ilé náà ò tíì lórùlé láti ọdún mọ́kànlá. Kò sọ pé àpò sìmẹ́ńtì la fi dí ojú fèrèsé, pé àdán nìkan ló ń gbé yàrá òkè. Ojú ń tì í. Àwa tí a ya fọ́tò náà, ẹ̀gbẹ́ tó dáa la yà. Èmi tí mò ń ké yìí wà nínú rẹ̀, mo fẹ̀yìn ti géètì, mo ń rẹ́rìn-ín bí onílé. Ìgbìmọ̀ wò ó, wọ́n ní olówó ni Màmá.

Àṣẹ kẹrin! Ẹ di ara yín mú! Màmá ti sọ fún wọn pé òun ò lè ta ilé náà, torí bàbá òun wà ní pálọ̀. Ìgbìmọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé àgbàlagbà ọkùnrin kan ń gbé ibẹ̀ láìsan owó ilé. Kó kó jáde láàárín ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n! Bí kò bá jáde, kó mú káàdì ìdánimọ̀ wá! Bàbá Oyèníran ni wọ́n ń wí o! Bàbá tí a sin sábẹ́ táìlì aláwọ̀ ewé láti ọdún mẹ́tàlélógún! Wọ́n ní bó bá ṣorí kunkun, ọlọ́pàá á gbé e.

Nígbà tí wọ́n ka lẹ́tà yìí fún Màmá, kò sunkún. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ta bàbá òun, òun á jókòó sí àjà kẹta. Ó dùn mí. Mo ní ó dùn mí! Ẹni tó gbé arúgbó odidi ìlú dìde, kò rí ẹni tó máa gbé e sọ̀kalẹ̀.

Àṣẹ karùn-ún! Ilé Ìtura ń wá òṣìṣẹ́! Kíákíá! Arúgbó wọn ń pọ̀ sí i, kò sẹ́ni tó ń wẹ̀ wọ́n. Ẹni tó máa wá, kó jẹ́ ọ̀dọ́, kí ìbàdí rẹ̀ le, kó jẹ́ àlejò. Ọmọ ìbílẹ̀ ò fẹ́ràn ìdọ̀tí.

Orúkọ àkọ́kọ́ ti wọlé. Ìbídùnní ni, ọmọ ọmọ àbúrò Màmá. Inú ilé yẹn gan-an ló ń gbé. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí Bàbá dùbúlẹ̀ sí ló to báàgì rẹ̀ sí. Ó ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé bí òun bá ti dé ọ̀hún, òun á fi òrùlé sí ilé náà.

Àṣẹ kẹfà, òun ló kẹ́yìn! Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ orókún Màmá létí àwọn tó fẹ́ lọ. Ẹni tó bá sọ ọ́ kò ní rí físà gbà títí ayé, àtòun àtìran rẹ̀!

Èmi ò sọ nǹkan kan. Mo kàn ké e ni. Mo ké e lójúde Ọba, mo ké e lọ́jà, mo sì ké e lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́nu géètì aláwọ̀ wúrà. Ìbídùnní, ṣé o gbọ́?

Agogo mi ti dákẹ́. Ẹnu mi ti jíṣẹ́, ó ku etí yín o!