Bí Oyèkànmí Ṣe Fi Ìdọ̀bálẹ̀ Jí Rìmóòtù Gbé

Ẹ yà! Ẹ yà lọ́nà fún Oyèkànmí Àkànmú, akọni tí ilẹ̀ ń mì tìtì bó bá sín, ọmọ baba tó lé ìgbín láti àárọ̀ tó sì bá a lọ́sàn-án, ọmọọmọ ọ̀gágun tó bá òbúkọ wọ̀jà nídìí ẹ̀gẹ́, tí wọ́n parí ẹ̀ sí ọ̀mì!

Fíìmù ló dá ogun ọ̀hún sílẹ̀, fíìmù London ayé àtijọ́, dúdú òun funfun, táwọn olè inú ẹ̀ ń de táì, tí wọ́n máa ń ṣí fìlà kí èèyàn kí wọ́n tó jà á lólè. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ibi tí wọ́n ti wọ báńkì tán, tí ọlọ́pàá ń bọ̀, ibẹ̀ gan-an niná lọ. Wọ́n á tún fi í hàn lónìí, aago mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan péré. Àmọ́ Ìyá Àgbà ti gba rìmóòtù, torí ẹ̀wà tí akọni ń wòran tó fi jóná. Ó tì í sábẹ́ àga, ó jókòó lé e bí òkè Ìdànrè. Ibi tí wọ́n ń tẹ̀ lára tẹlifíṣàn fúnra ẹ̀ sì ti bàjẹ́ tipẹ́.

"Bọ̀ọ̀dá Kànmí," Àṣàbí àbúrò ẹ̀ ń fi ṣẹ̀fẹ̀, "ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún o. Ẹ kúkú lọ máa ha ìkòkò ẹ̀wà."

Hàà! Igi àràbà tó wó lulẹ̀ ò lè dún tó bí Oyèkànmí, ẹni tó máa ń kí èèyàn bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, ṣe nà gbalaja síwájú Ìyá Àgbà, àyà kanlẹ̀, imú kanlẹ̀.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Ìyá Àgbà!"

Inú ìyá dùn, ó dijú, ó gbórí sókè, ó kì í: "Àkànmú, ọmọ a-rìn-gbẹ̀ẹ́-wọ̀lú..." Ọwọ́ akọni ń wọ́ lọ sábẹ́ àga bí ejò. Ṣùgbọ́n oríkì yẹn dùn pa! Orí ẹ̀ wú, omijé bọ́, ó kù díẹ̀ kó dìde lọ fọ abọ́ gbogbo àdúgbò. Ó fi eyín di ètè mú. Ọwọ́ kan bàtà. Ọwọ́ kan aáyán, aáyán sá fún un! Ọwọ́ kan rìmóòtù!

Níbi tó nà sí ló ti tẹ̀ ẹ́. Tẹlifíṣàn tàn yòò, àwọn olè ń sáré kiri báńkì.

Ìyá Àgbà la ojú kan.

"Ó ṣì ku oríkì ilé ìyá ẹ, àmọ́ mo rí i pé ọwọ́ ẹ ti tó o. Sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ jàre, o dí mi lójú."

Ẹ gbé e lọ sígboro, ẹ sọ ọ́ dé London: kí gbogbo báńkì ayé firin kúnrin, kí ọlọ́pàá má sùn, torí Oyèkànmí Àkànmú ti dọ̀bálẹ̀, ó sì ti dìde pẹ̀lú ìkógun!