Èyí Tó Dàgbà Nínú Ìgò Méjì

Yàrá ìjẹun àwọn ọ̀gá ní ilé-iṣẹ́ ọ̀dà kan ní Oregun, ọdún 1994. Ọ̀gá òyìnbó ará Australia ti jẹun ìdágbére tán, ó sì ti fi ìgò wáìnì pupa méjì tí a kò tíì ṣí ta àwọn obìnrin méjì tó ń gbé oúnjẹ fún un lọ́rẹ: ọ̀kan ti ọdún 1986, ọ̀kan ti ọdún 1991. ÌYÁ DÉOLÚ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì sí ohun tí kò mọ̀. BỌ́SẸ̀DÉ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ̀dà sí agolo wá ni, lẹ́yìn tí wọ́n dá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ìgò irú méjèèjì tí àwọn ọ̀gá mu kù wà lórí tábìlì, ó ku díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀ wọn. Kọ́bọ́ọ̀dù wà ní títì. Agbọ̀n Ìyá Déolú wà lẹ́nu ọ̀nà, aṣọ bò ó.

ÌYÁ DÉOLÚ: Bọ́sẹ̀dé, níbo lo kó àwọn tó kún sí?

BỌ́SẸ̀DÉ: Mo ti tọ́jú wọn mà.

ÌYÁ DÉOLÚ: Ó dáa. A máa pín in. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ mú.

BỌ́SẸ̀DÉ: Èmi kẹ̀? (Ó kúnlẹ̀.) Kí ni mo ṣe mà?

ÌYÁ DÉOLÚ: Dìde. O ò ṣe nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n pín ìrẹsì Kérésì, mo mú àpò tó kún jù, torí èmi ni àgbà, bẹ́ẹ̀ la sì ṣe ń ṣe é. Ṣé o mọ orúkọ tí wọ́n sọ mí ní kíṣìnì?

BỌ́SẸ̀DÉ: N ò mọ̀ ọ́n mà.

ÌYÁ DÉOLÚ: O mọ̀ ọ́n.

BỌ́SẸ̀DÉ: Ìyá Tèmi-Ni-Ńlá ni mà.

ÌYÁ DÉOLÚ: Mo ti búra pé n ò ní kọ́kọ́ na ọwọ́ sí nǹkan mọ́ ní ilé-iṣẹ́ yìí. Mú èyí tó wù ọ́. (Ó yíjú sápá kan, ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.) Kó ṣáà má jẹ́ ti 86. Mo ti sọ fáwọn àna Déolú pé wáìnì tó ti lo ọdún mẹ́jọ nínú ìgò ni wọ́n máa mu lọ́dọ̀ mi ní Sọ́ńdè. Bàbá ìyàwó gbé Australia rí. Ó ní àwa ará Agege ò mọ̀ ju ẹlẹ́rìndòdò lọ.

BỌ́SẸ̀DÉ: Èwo ló dáa jù nínú wọn mà? N ò mu wáìnì pupa rí.

ÌYÁ DÉOLÚ: Ti 91. Kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣíráàsì ni wọ́n ń pe èso àjàrà tí wọ́n fi ṣe é, tuntun ni wọ́n sì ń mu ún.

(Bọ́sẹ̀dé wo ọ̀nà ibi tí agbọ̀n wà. Ó dìde.)

ÌYÁ DÉOLÚ: Níbo lò ń lọ?

BỌ́SẸ̀DÉ: Kò sí mà. (Ó jókòó.) Tó bá jẹ́ ti 91 ló dáa jù, ẹ̀yin lẹ ni ín nìyẹn.

ÌYÁ DÉOLÚ: Ìwọ ni mo ní kó o mú un.

BỌ́SẸ̀DÉ: Ẹ̀yin tí ẹ bí ẹni tó jù mí lọ. Kí n wá gbé èyí tó dáa dání níwájú yín? Tí ìyá mi bá gbọ́ ọ ní Ìjẹ̀bú-Igbó, wọ́n máa wọkọ̀ wá síbí. Àti pé mà, 91 ni mo bí Praise. Ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Wáìnì tó jẹ́ ẹgbẹ́ Praise, kí ló mọ̀ tó fi ju ti 86 lọ?

ÌYÁ DÉOLÚ: Wáìnì kì í ṣe ọmọ. Ti 86 ti pẹ́ jù.

BỌ́SẸ̀DÉ: 86. Ọdún tí ìjọba gbé SAP dé, tí gbogbo nǹkan fi gbówó lórí, nìyẹn.

ÌYÁ DÉOLÚ: SAP ò dé Australia.

BỌ́SẸ̀DÉ: Háà. Ṣé ibẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀?

ÌYÁ DÉOLÚ: Ohun tí mò ń sọ ni pé ọdún mẹ́jọ nínú ìgò, adùn rẹ̀ á ti lọ.

BỌ́SẸ̀DÉ: Ó ti ẹ̀sípáyà.

ÌYÁ DÉOLÚ: (Inú rẹ̀ dùn díẹ̀.) Ẹ̀n-ẹ́n. Ká ṣáà sọ bẹ́ẹ̀.

(Bọ́sẹ̀dé gbé ìgò 86 tó wà lórí tábìlì, ó kọrí sí síǹkì.)

ÌYÁ DÉOLÚ: Kí lo fẹ́ fi ṣe?

BỌ́SẸ̀DÉ: Mo fẹ́ dà á nù mà. Tí mo bá da èyí tán, màá ṣí èyí tó kún náà. Mílíìkì tí wọ́n yí déètì ẹ̀ padà ló gbé ọmọ aládùúgbò mi dé ọsibítù lọ́sẹ̀ tó kọjá.

ÌYÁ DÉOLÚ: (Ó ti dé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó di ọrùn ìgò mú.) Gbé e sílẹ̀. Kò tíì ẹ̀sípáyà débẹ̀ yẹn.

BỌ́SẸ̀DÉ: Ibo ló dé mà?

ÌYÁ DÉOLÚ: Ó ṣì ṣeé mu. Ẹni tó bá ti dàgbà lè mu ún.

BỌ́SẸ̀DÉ: (Ojú rẹ̀ kún fómi.) Ìyá Déolú. Ẹ fẹ́ mu èyí tó bàjẹ́ kí èmi lè mu èyí tó dáa. Ẹ ò lè torí mi kú mà. Déolú ń gbéyàwó lọ́wọ́.

ÌYÁ DÉOLÚ: Ta ló ń kú? Jókòó. A máa tọ́ ọ wò, ẹnu tìrẹ gan-an ló máa yàn.

(Ó bu ìyókù ìgò méjèèjì sínú gíláàsì méjì. Ó mú ọ̀kan, ó ń yí i po bí àwọn ọ̀gá ṣe máa ń ṣe.)

BỌ́SẸ̀DÉ: Mo ti fọ gíláàsì yẹn mà.

ÌYÁ DÉOLÚ: Mi ò ṣan án. Òórùn rẹ̀ ni mò ń jí dìde. Gbà, ti 91 nìyí.

BỌ́SẸ̀DÉ: (Ó mu díẹ̀. Ojú rẹ̀ kan pa dé, ètè rẹ̀ sún pọ̀.) Àgbálùmọ̀ tí wọ́n ká kó tó pọ́n ni. Ó di gbogbo ẹnu mi mú. Ṣé wọ́n ń fi iyèré sí i ni?

ÌYÁ DÉOLÚ: Bẹ́ẹ̀ ni Ṣíráàsì ṣe ń ta lẹ́nu. Ó yá, ti 86.

BỌ́SẸ̀DÉ: (Ó mu ún. Ó tún mu díẹ̀ sí i.) Èyí ti fara balẹ̀ mà. Àgbálùmọ̀ náà ni, àmọ́ ó ti sùn nínú agbọ̀n fún ọjọ́ mélòó kan. Òórùn àpótí aṣọ ìyá mi àgbà wà nínú ẹ̀. Iyèré náà wà níbẹ̀, kò kàn pariwo mọ́ ni.

ÌYÁ DÉOLÚ: Èwo lo wá fẹ́?

BỌ́SẸ̀DÉ: Ti 91.

ÌYÁ DÉOLÚ: (Ó mí kanlẹ̀.) Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

BỌ́SẸ̀DÉ: Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kò lẹ́jẹ̀ lára. Wọ́n ní wáìnì pupa ń fúnni lẹ́jẹ̀. Èyí tó le lẹ́nu báyìí ló máa ṣiṣẹ́. Màá bu mílíìkì sí i.

ÌYÁ DÉOLÚ: (Ó fọwọ́ bojú.) Mílíìkì.

BỌ́SẸ̀DÉ: Àbí ẹyin ni wọ́n ń pò mọ́ ọn?

ÌYÁ DÉOLÚ: Po ohun tó bá wù ọ́ mọ́ ọn. Tìrẹ ni.

BỌ́SẸ̀DÉ: Rárá o, mà. Nísinsìnyí tí mo ti rí i pé òótọ́ lẹ sọ, tó jẹ́ òun ló lágbára jù, ẹ̀yin lẹ máa mú un. Ẹ̀yin náà nílò ẹ̀jẹ̀. (Ó tún dìde, ó ń lọ sẹ́nu ọ̀nà.) Ẹ jẹ́ kí n kàn sáré pààrọ̀...

ÌYÁ DÉOLÚ: Kí lò ń wá nídìí agbọ̀n mi?

BỌ́SẸ̀DÉ: Kò sí mà.

(Ó padà. Ìyá Déolú jókòó wọ̀ọ̀. Ó wo gíláàsì méjèèjì títí.)

ÌYÁ DÉOLÚ: Bọ́sẹ̀dé, gbọ́. Irọ́ ni mo pa fún ọ. Ti 86 ló dáa jù. Mo ti fi fọ́nnu lọ́dọ̀ àwọn àna mi. Tí mo bá gbé ti 91 síwájú bàbá yẹn, yóò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí di ọjọ́ ìkómọ. Ti 86 ni ńlá. Tèmi ni. Tó bá wù ọ́, lọ sọ ọ́ ní kíṣìnì.

BỌ́SẸ̀DÉ: Ọkàn mi wá balẹ̀ wàyí mà.

(Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Ìgò kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ti 91.)

ÌYÁ DÉOLÚ: Ti 86 dà?

BỌ́SẸ̀DÉ: Ó wà nínú agbọ̀n yín mà, lábẹ́ aṣọ. Kí ẹ tó wọlé ni mo ti gbé e síbẹ̀. Kíṣìnì lódindi ló sọ fún mi pé èyí tó bá dàgbà jù lẹ máa mú. Ìgbà tí ẹ wá ń yin ti 91, ẹ̀rù bà mí, mo rò pé mo ti dì í ṣì.

(Ìyá Déolú lọ sídìí agbọ̀n. Ó ká aṣọ kúrò. Ó dà á padà bò ó.)

ÌYÁ DÉOLÚ: Gbogbo wọn ló sọ bẹ́ẹ̀?

BỌ́SẸ̀DÉ: Gbogbo wọn mà. Wọ́n tiẹ̀ ní tó bá ṣèèṣì ṣẹlẹ̀ pé ẹ mú kékeré, kí n yára wá pe àwọn, àwọn fẹ́ wá fojú ara àwọn rí i.